Rédà tí ń wọn eré ojú omi: ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó rà á fún odò Èkìtì

Ìhunjọ ojú omi, ìyẹn àwọn ìgbì kéékèèké tó ń ká lójú rẹ̀, ni rédà yìí ń rí, omi gan-an kọ́. Ẹni tó bá fi èyí sọ́kàn kí ó tó náwó kò ní kábàámọ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò gbé e dé orí odò tó dákẹ́ rọ́rọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yóò tẹ̀ ẹ́ títí, ojú ẹ̀rọ yóò ṣófo, yóò sì ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́ rárá. Omi yẹn ni kò ní ohun tí ìgbì rédíò lè kọlù kí ó sì padà wá.

Irú méjì ni a gbé yẹ̀ wò níbí. Ọ̀kan ni rédà ọlọ́wọ́ tí a ń dì mú bí ìbọn, bí irú èyí tí àwọn agbófinró fi ń mú ọkọ̀ tó ń sáré àsápajúdé: Stalker Pro II SVR, tí ilé-iṣẹ́ Applied Concepts ní Texas, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ń ṣe. Èkejì ni èyí tí a ń dè mọ́ abẹ́ afárá kí ó máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru láìsí ẹnikẹ́ni nítòsí: RG-30 ti Sommer láti ilẹ̀ Austria, àti RQ-30 tiwọn kan náà tó ń wọn gíga omi pọ̀ mọ́ eré rẹ̀. A ó ya sọ́dọ̀ àwọn ìbátan wọn tó ń ṣiṣẹ́ létí òkun náà, nítorí pé ọgbọ́n kan náà ni gbogbo wọn ń lò, àti nítorí pé ẹni tó bá lóye ti òkun yóò mọ ìdí tí ti odò fi ń ṣe bó ṣe ń ṣe.

Ilẹ̀ òkè ni ilẹ̀ wa. Odò tó ń ti ara àpáta sọ̀ kalẹ̀ kì í pẹ́ kún, kì í sì í pẹ́ fà. Òjò ńlá kan lọ́sàn-án tó láti mú kí Ureje tó ń gba inú Adó-Èkìtì kọjá kún dẹ́nu, kó sì ti máa fà kí ẹni tó fẹ́ wọ̀n ọ́n tó rí ọkọ̀ wọ̀. Odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ náà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Mítà abẹ̀bẹ̀ àtijọ́, èyí tí a ń rì sínú omi tí ìṣàn yóò máa yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, dára púpọ̀ nígbà tí omi bá mọ ní orúnkún. Nígbà àgbàrá, wọ́n ní láti so òjé wúwo mọ́ ọn kó tó lè rì, igi tó wó àti ẹ̀ka oparun tí omi ń gbé bọ̀ yóò sì máa kọlu okùn rẹ̀. Kí ẹnìkan wọ inú irú omi bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ti sọ pé a kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò. Ibẹ̀ ni rédà ti fi gbọ̀ọ̀rọ̀ jẹka: ẹ dúró sórí afárá, ẹ̀rọ kò kan omi, ìṣẹ́jú kan péré lẹ ó fi mọ eré ojú omi ní ọ̀gangan kan. Ọjọ́ tí omi bá ń hó tí ó ń ru gùdù, ọjọ́ náà gan-an ni rédà ń ríran jù.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Stalker ń ta ìgbì rédíò gígáháàtìsì 34.7 jáde, ìyẹn èyí tó ń gbọ̀n ní bílíọ̀nù 34.7 ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Gígùn ìgbì yẹn kò ju mìlímítà 8.6 lọ. Bí ẹ bá dẹ orí ẹ̀rọ sílẹ̀ ní dígírì 45, ìhunjọ omi tí àárín orí rẹ̀ sí orí èkejì jẹ́ mìlímítà 6 ni yóò dá ìgbì náà padà lọ́nà tí gbogbo rẹ̀ yóò fi gbè é lẹ́sẹ̀. Àwọn ìhunjọ tó tóbi jù tàbí tó kéré jù yóò fọ́n ọn ká ni. Mìlímítà 6 kò ju fífẹ̀ èékánná ìka kékeré àgbàlagbà lọ. RG-30 ń lo gígáháàtìsì 24, nítorí náà tirẹ̀ sún mọ́ mìlímítà 9. Nígbà tí ìhunjọ yẹn bá ń sún bọ̀ wá bá ẹ̀rọ, ìgbì tó padà yóò máa gbọ̀n yára ju èyí tó lọ. Bí omi bá ń sáré mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ní dígírì 45, ìyàtọ̀ náà jẹ́ nǹkan bíi háàtìsì 164 lórí Stalker. Ìyàtọ̀ yìí ni ẹ̀rọ ń kà, tó ń sọ di eré.

Bí a ṣe ń lò ó kò le, ṣùgbọ́n igun ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Dígírì 45 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Stalker ní ohun kan nínú tó mọ bí a ṣe dẹ orí rẹ̀ sílẹ̀ tó, yóò sì ṣe ìṣirò ìdẹ̀sílẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Ohun rere ni èyí, òun sì ni ìdí pàtàkì tí a fi fẹ́ ẹ ju rédà ojú títì tí àwọn kan ń gbìyànjú láti yí padà fún omi. RG-30 tí a dè mọ́ afárá nílò kí ẹ de irin rẹ̀ dáadáa kó má baà yẹ̀. Bí irin bá yẹ̀ láti dígírì 45 sí 50 láìjẹ́ pé ẹ̀rọ mọ̀, eré tí ẹ ó máa kà yóò fi nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí òótọ́. Tó bá jẹ́ pé dígírì 60 lẹ fi dè é tí ó wá yẹ̀ sí 65, yóò dín ní ìdá 15. Nítorí náà, bí ẹ ṣe ń dẹ orí rẹ̀ sílẹ̀ sí i ni àṣìṣe kékeré ń di ńlá. Ẹ má sì gbé e sókè jù: bí ó bá kù díẹ̀ kó tẹ́ pẹrẹsẹ, ibi tó ń wò yóò gùn lọ réré lórí omi, yóò pa ibi tó ń sáré pọ̀ mọ́ ibi tó ń fà.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ rédà, ìyẹn ìgbì rédíò tó ń ta jáde, ń bọ́ sí, nítorí pé àwọn tó ń tà á kì í sọ ọ́ dáadáa. Ìmọ́lẹ̀ náà ń fẹ̀ ní dígírì 12. Láti orí afárá tó ga ní mítà 5 sí ojú omi, ní dígírì 45, ohun tí ẹ ń wọ̀n jẹ́ àmì bí ẹyin lórí omi tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà kan àti ààbọ̀, tí gígùn rẹ̀ lé díẹ̀ ní mítà 2. Bí ẹ bá dín ìdẹ̀sílẹ̀ kù sí dígírì 30, ìbú yóò di mítà 2, gígùn yóò fò lọ sí mítà 4 àti díẹ̀. Lórí odò ńlá, kò burú. Lórí odò wa tí kò ju mítà 10 tàbí 12 lọ ní fífẹ̀, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ìlànà wíwọn odò ní kí a pín in sí ọ̀nà ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí odò mítà 12, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 60 sí ara wọn. Àmọ́ nígbà tí àmì rédà fẹ̀ tó mítà kan àti ààbọ̀, ẹ kàn ń ka omi kan náà lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta ni. Fún irú odò bẹ́ẹ̀, ọ̀nà mẹ́wàá sí méjìlá ni agbára ẹ̀rọ mọ, kí a sọ òótọ́. Afárá tí kò ga púpọ̀ sàn: láti mítà 3, ìbú àmì náà kò tó mítà kan.

Ìgbésẹ̀ tó yẹ lórí afárá nìyí. Ẹ na téèpù sára irin ìdènà afárá, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí gbogbo mítà kan. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ tí omi ti ń bọ̀, kí ẹ kọjú rédà sí òkè odò, kì í ṣe ìsàlẹ̀, nítorí pé lẹ́yìn tí omi bá ti lu òpó afárá, ó ti dàrú, eré rẹ̀ kì í ṣe ti odò mọ́. Ẹ yẹra fún iwájú òpó náà gan-an. Kí ẹ gbé ẹ̀rọ lé orí irin tàbí ẹsẹ̀ mẹ́ta, nítorí ọwọ́ tó ń gbọ̀n jẹ́ eré lójú rédà. Kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ jẹ́ kó gba nǹkan bí ìṣẹ́jú kan kó tó fún yín ní ìdásípò, ìyẹn àárín gbogbo nọ́ńbà tó kà, nítorí pé eré ojú odò kì í dúró sójú kan. Ẹni tó bá ka nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó yọ tó sì kọ ọ́ sílẹ̀, àbá ló kọ. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá ń kọjá, ẹ dúró, kí ẹ pa ti ìṣẹ́jú yẹn rẹ́. Kí ẹ sì kọ́kọ́ wo òṣùwọ̀n tí ẹ̀rọ wà lórí rẹ̀: ẹ̀rọ Amẹ́ríkà ni, ó lè wà lórí ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú àáyá. Omi tó ń sáré mítà 1 yóò sọ pé 3.3. Àṣìṣe yìí ń yọ sínú ìwé ìwádìí, ẹni tí kò bá mọ odò náà kò sì ní mọ̀.

Bí afárá kò bá dá odò mọ́jú gédégbé, tó jẹ́ pé omi ń gba abẹ́ rẹ̀ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ẹ yí rédà kó kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀ gan-an. Bí àyè kò bá sí fún ìyẹn, Stalker gbà kí ẹ fi ọwọ́ yín tẹ igun ẹ̀gbẹ́ sí i. Ìyẹn ni kì í mọ̀ fúnra rẹ̀. Ìyàtọ̀ dígírì 10 kò ju ìdá kan àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ẹ lè gbójú fò ó. Dígírì 20 ti di ìdá 6. Dígírì 30, ìdá 13.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lò ó lábẹ́ òjò, ẹ farabalẹ̀ ka ibí yìí, nítorí inú òjò náà ni Èkìtì ti nílò rẹ̀ jù. Ẹ̀kán òjò ńlá ń já bọ́ ní nǹkan bíi mítà 6 sí 9 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Rédà rí i. Bí ẹ bá dẹ orí ẹ̀rọ sílẹ̀ ní dígírì 45, òjò tó ń já ní mítà 6 yóò farahàn bí odò tó ń sáré mítà 6, ìsọkúsọ sì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí òjò ń lọ: ó ń jìnnà sí ẹ̀rọ, nítorí pé ẹ̀rọ wà lókè, ó ń wo ìsàlẹ̀. Omi tó ń bọ̀ láti òkè odò, bíbọ̀ ni ó ń bọ̀ wá bá ẹ̀rọ. Nítorí náà, bí ẹ bá kọjú sí òkè odò, tí ẹ sì wọ inú ètò ẹ̀rọ lọ sọ fún un pé kó máa ka ohun tó ń bọ̀ nìkan, kó pa ohun tó ń lọ tì, òjò yóò jáde kúrò nínú ìṣirò. Ìdí kejì nìyí tí kíkọjú sí òkè odò fi sàn. Ẹni tó bá kọjú sí ìsàlẹ̀ odò lábẹ́ òjò ti da òjò pọ̀ mọ́ omi, kò sí ètò tó lè yà wọ́n mọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ń gbá òjò bọ̀ lójú yín, ẹ dá iṣẹ́ dúró.

Afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ó ń wọ́ awọ ojú omi lọ ní nǹkan bí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún eré ara rẹ̀. Afẹ́fẹ́ mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò fi sẹ̀ǹtímítà 15 kún eré ojú omi, tàbí kó yọ ọ́ kúrò. Lórí odò tó ń sáré mítà 2, ẹ ò ní fura. Lórí odò tó ń fà ní sẹ̀ǹtímítà 30, ìdajì eré rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ fi kún un tàbí tó yọ kúrò. Nǹkan mìíràn tún wà lórí omi jẹ́jẹ́: ìhunjọ mìlímítà 6 yẹn ní eré ti ara rẹ̀ lórí omi, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 29 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú odò tó ń ru, ìhunjọ ń lọ síwá sẹ́yìn, eré wọn pa ara wọn rẹ́. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ti gbogbo wọn sí ọ̀nà kan lórí omi tí kò ru, wọn kì í pa ara wọn rẹ́ mọ́. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọ́kàn lé nọ́ńbà rédà lórí omi tí eré rẹ̀ kò tó sẹ̀ǹtímítà 30, ohun yòówù tí ìwé tó bá a wá ìbáà wí.

Eré ojú omi kọ́ ni eré gbogbo omi. Ìsàlẹ̀ lọ́ra ju òkè lọ, nítorí pé iyanrìn àti òkúta ń di omi mú. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ odò ń ṣe ni pé wọ́n ń fi 0.85 sọ eré ojú omi di pupọ̀ kí wọ́n tó rí ìdásípò láti òkè dé ilẹ̀. Fún ọ̀nà omi oníkọnkéré tó dán, 0.90 ni. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan: ìlà kan láàárín odò fẹ̀ ní mítà 1, ó jìn ní mítà 1.4, rédà sì ka 0.9. Ìdá 0.85 rẹ̀ jẹ́ 0.765. Sọ ọ́ di pupọ̀ pẹ̀lú 1.4, ó di 1.071 mítà kúbíìkì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́tàlélógójì tó kún ní àsìkò tí ojú fi ń ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Tó bá jẹ́ pé 0.80 ló yẹ odò yín dípò 0.85, ẹ ti fi nǹkan bí ìdá 6 lé òótọ́. Ọ̀nà láti mọ tiyín ni pé nígbà tí omi bá ṣì ṣeé wọ̀, kí ẹ fi mítà abẹ̀bẹ̀ wọn inú omi, kí ẹ fi rédà wọn ojú rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ fi èkejì pín èkíní.

Ibi tí owó rédà kò tó ohun tí ènìyàn rò nìyí: kò mọ ìjìn omi. RQ-30 mọ gíga ojú omi, kò mọ ibi tí ilẹ̀ wà. Ẹ̀yin ni ẹ ó fi igi tàbí okùn olójé wọn ìjìn gbogbo ìlà wọ̀nyẹn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti ojú àmì kan tí kò ní yí lórí irin afárá, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ìwé. Nígbà tí omi bá kún, ẹ ó wọn láti irin afárá dé ojú omi, ẹ ó yọ ọ́ kúrò nínú èyí tí ẹ ti ní. Odò oníyanrìn ń gbẹ́ ilẹ̀ ara rẹ̀ nígbà àgbàrá, ó sì ń kó iyanrìn mìíràn dà síbẹ̀ nígbà tó bá ń fà. Ìwọ̀n ìjìn ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn lábẹ́ rédà olówó gọbọi, iṣẹ́ àṣedànù ni. Lẹ́yìn àgbàrá ńlá kọ̀ọ̀kan, ẹ padà lọ wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀rí tó dára jù lórí rédà kò ju ọsàn lọ. Ọsàn fẹ́rẹ̀ẹ́ rì tán sínú omi, díẹ̀ lára rẹ̀ ló yọ, afẹ́fẹ́ kò rí i gbá. Ẹ wọn mítà 20 sí etí odò níbi tó bá tọ́, kí ẹ ju ọsàn sí òkè díẹ̀ sí ìlà àkọ́kọ́, kí ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá láti ìlà sí ìlà. Ìṣẹ́jú àáyá 18 jẹ́ 1.11 mítà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá, kí ẹ mú ìdásípò. Bí rédà àti ọsàn bá fi ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ yàtọ̀ lórí omi tó ń sáré dáadáa, igun rédà ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, lẹ́yìn náà kí ẹ wo afẹ́fẹ́.

Èyí tí a dè mọ́ afárá ní àwọn ọ̀tá tirẹ̀. Agbọ́n fẹ́ràn abẹ́ afárá, ojú rédà tó tẹ́jú sì dùn ún kọ́lé sí. Aláǹtakùn náà ń ta òwú síwájú rẹ̀, ìrì sì ń bò ó mọ́lẹ̀ láàárọ̀. Igbó etí odò ń hù ní kíákíá lásìkò òjò. Tí ẹ̀ka oparun kan bá yọ sínú ìmọ́lẹ̀ rédà tí afẹ́fẹ́ sì ń mì í, ẹ ó rí eré odò tó ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ gé e, kí ẹ padà wá gé e lóṣooṣù. Àwọn bẹ́líìtì àti fáànù jẹnẹrétọ̀ tó ń yí nítòsí lè wọ inú rẹ̀ bí eré tí kì í yí padà lọ́sàn-án lóru. Bátìrì fóòtì 12 àti pánẹ́ẹ̀lì sólà kékeré tó láti gbé e, ṣùgbọ́n ẹ gbé sólà náà ga, kí ẹ sì bá àwọn ará ìletò tó sún mọ́ afárá sọ̀rọ̀ kí ẹ tó dè é. Ohun tí ará ìlú bá mọ iṣẹ́ tó ń ṣe fún wọn, wọ́n á bá yín ṣọ́ ọ.

Àwọn ibi kan wà tí a kò gbọdọ̀ gbé rédà dé. Ìsun Ìkọ́gòsì, níbi tí omi gbígbóná àti tútù ti pàdé, kéré jù, omi rẹ̀ kò fẹ̀ tó àmì rédà. Páálí irin tí a gé ẹnu rẹ̀ ní onígun mẹ́ta, kí omi máa gba ibẹ̀ ṣàn, ló yẹ ẹ́. Abẹ́ ìtàkìtì omi Àrìnta ní Ìpólé-Ìlórò, ìfóòfó àti omi tó ń ta sókè ni rédà yóò máa kà. Orí adágún tó wà lẹ́yìn dáàmù, omi dúró síbẹ̀, afẹ́fẹ́ nìkan ni ẹ ó wọ̀n. Ibi tó dára lára dáàmù ni ojú àṣán, ibi tí omi tó pọ̀jù ti ń jáde lórí kọnkéré, pàápàá nígbà tí omi bá ti sáré díẹ̀ tó ti ní ìhunjọ.

Ní ti òkun, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń béèrè bóyá a lè ra rédà etíkun fún odò tàbí adágún wa. Rárá. SeaSonde ti CODAR ní California àti WERA ti ilé-iṣẹ́ Helzel ní Jámánì ń lo ìgbì rédíò tó gùn gan-an. Ní mẹ́gáháàtìsì 13, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 23, ìgbì òkun tó gùn ní ìdajì rẹ̀, mítà 11 àti ààbọ̀, ni yóò dá a padà. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Crombie ní New Zealand ló kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní 1955. Ẹwà ọ̀rọ̀ náà ni pé ìgbì òkun mítà 11 àti ààbọ̀ kì í sáré bó ṣe wù ú: òfin omi jíjìn ti fi eré rẹ̀ sí 4.2 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ yọ ìyẹn kúrò. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni ìṣàn òkun. Ìṣàn sẹ̀ǹtímítà 10 ń yí ohun tó padà wá pẹ̀lú háàtìsì 0.009 péré, ìdí nìyí tí ẹ̀rọ fi ní láti tẹ́tí fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú kó tó sọ̀rọ̀. Ìyẹn ni odò kò ní: kò sí ìgbì mítà 11 lórí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, àwọn ìhunjọ kéékèèké rẹ̀ kò sì pa òfin kan mọ́ bí ti òkun. Yàtọ̀ sí èyí, iyọ̀ inú omi òkun ló ń jẹ́ kí ìgbì rédíò náà máa rá lọ lójú omi dé ọ̀nà jíjìn. Lórí omi aláìníyọ̀ ó ń kú kíákíá.

Ẹni tó bá fẹ́ lò ó fún etíkun Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí òkun ti ń jẹ ilẹ̀ Ayétòrò, kí ó mọ̀ pé ibùdó kan kò tó. Bí ti afárá tó dàgẹ̀rẹ̀ ni: ibùdó kan mọ bí omi ṣe ń bọ̀ wá bá a tàbí tó ń jìnnà sí i, kò mọ èyí tó ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Méjì ni a nílò, kí ojú wọn sì pàdé lórí omi ní igun tó wà láàárín dígírì 30 sí 150. Lórí ìlà tó so ibùdó méjèèjì pọ̀, nọ́ńbà wọn kò ṣeé gbọ́kàn lé. Ní mẹ́gáháàtìsì 25, ojú wọn ń dé nǹkan bíi kìlómítà 40. Ní mẹ́gáháàtìsì 5, ó lè dé 170 àti jù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ń dá ariwo padà sí i lóru. Tí wọ́n bá fi irin tàbí wáyà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ SeaSonde, ojú rẹ̀ á yí. Ọkọ̀ ojú omi kan ní láti gbé ẹ̀rọ kékeré kan yí i ká lórí òkun kí wọ́n tó mọ bó ṣe ń ríran. Iṣẹ́ ìjọba tàbí ti yunifásítì tó ní òṣìṣẹ́ tó dúró ni, kì í ṣe ohun tí ẹnìkan ń rà.

Ní ti owó, gbogbo wọn ni wọ́n ń tà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Fún ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ilé-iṣẹ́ omi kan ní Èkìtì tó ní afárá mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti máa bẹ̀ wò lásìkò òjò, rédà ọlọ́wọ́ la ó kọ́kọ́ rà. Ó ń rìn kiri, ẹnikẹ́ni tó bá kà á lẹ́ẹ̀mejì lè lò ó, bátìrì rẹ̀ wà nínú ọwọ́ ìdìmú, kò sì sí ohun tí agbọ́n lè kọ́lé sí. Ti abẹ́ afárá dára fún ẹni tó fẹ́ kìlọ̀ fún àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò kí omi tó dé, níbi tí odò bá ń sáré tó, tó sì ń ru. Fún odò tó ń fà jẹ́jẹ́ lọ́dún yípo, ẹ má ra ìkankan nínú wọn. Ẹ ra mítà abẹ̀bẹ̀ tó dára, kí ẹ fi owó tó kù ra bàtà roba gíga.

Nígbà tí ẹ bá ń gbà á lọ́wọ́ ẹni tó kó o wọlé, ẹ má dán an wò lórí ọkọ̀ tó ń kọjá ní títì. Ọkọ̀ tóbi, kò sí rédà tí kò ní rí i. Ẹ gbé e lọ sórí afárá tí omi abẹ́ rẹ̀ ní ìhunjọ díẹ̀, kí ẹ mú ọsàn mẹ́wàá àti téèpù dání, kí ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ lójú rẹ̀. Kí ẹ tẹ ẹ̀rọ sí dígírì 30, kí ẹ kà á, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ sí 45, kí ẹ kà á: bí ohun tó ń mọ igun nínú rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, nọ́ńbà méjèèjì yóò sún mọ́ ara wọn gan-an. Bí èyí tí ẹ kà ní 45 bá fi nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti 30, ohun yẹn ti kú, ẹ̀rọ kò mọ ìgbà tí ẹ dẹ orí rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ dá a padà kí ẹ tó sanwó.